Àwọn Ìyàwó Ilé Tí N Kò Kà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ọ̀yọ́, mo ń fi kọ́là sí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé, mo sì gbé fóònù sórí tábìlì kí ọwọ́ mi lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó kí mi, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó wá sọ ọ́: òun fẹ́ jáde du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù ọkọ òun, ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí n tó lanu, ohùn mìíràn ti wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé a ti gba fọ́ọ̀mù!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tó yẹ kí ìyá rò nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni bóyá àwọn jàǹdùkú máa wà níbẹ̀, àti ta ni yóò máa mú ọmọ ọmọ mi wálé láti ilé-ìwé. Mo rò wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé àwọn méjèèjì ti jọ jókòó, wọ́n ti jọ gbìmọ̀, wọ́n ti jọ lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, wọ́n sì ti padà délé, kó tó wá kan èmi tí mo bí i.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́. Ta ló máa bá ọ kà wọ́n?"

"Ka kí ni?"

"Àwọn tó máa tò sẹ́yìn rẹ."

N kò sọ̀rọ̀ lásán. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe akọ̀wé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa ní Ọ̀yọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, n kò lọ síwájú sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ nǹkan sílẹ̀, kì í yẹ̀. Nínú ìbò abẹ́lé tiwa, a kì í tẹ̀ka sórí ìwé. Olùdíje kọ̀ọ̀kan máa ń dúró lórí pápá, yóò gbé àwòrán ara rẹ̀ dání, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ojúmọmọ ni, gbogbo ayé ló sì ń wò. Ọkọ ń rí ibi tí ìyàwó rẹ̀ dúró, onílé ń rí ayálégbé rẹ̀, lémọ́mù ń rí àwọn tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìbò kì í bọ́ síbi tó bá wù ú. Agboolé-agboolé ló ń rìn. Mo ní ìwé kan tí mo fi rúlà fa ìlà sí: agboolé, ọkùnrin, obìnrin, ọ̀dọ́, àgbà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, onílé, ayálégbé. Bí ìbò bá ku ọjọ́ mẹ́rin, mo lè sọ ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan máa tò sí ní wọ́ọ̀dù wa. Alága wa kì í jiyàn. Bí àwọn ènìyàn bá ń pariwo ní ìpàdé, yóò kàn ní, "Ẹ bi akọ̀wé."

Ẹnikẹ́ni ò wá bi akọ̀wé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn ló dùn mí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti ìyá ọkọ ọmọ mi. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà n kò ní máa fi ọ̀wọ̀ àgbà pè é nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúkojú, ẹ̀yin ni a ń pe ara wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní pírámárì mẹ́ta. Èmi ni mo ń mú un lọ sílé-ìwé, èmi ni mo ń dúró dè é ní géètì títí ó fi wọ ilé-ìwé gíga, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́pàá rẹ̀ ti dé. Ó lọ sí yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó pàdé olùkọ́ kan níbẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Nígbà tó bímọ, èmi ni àṣà sọ pé kí n lọ wẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé ló bọ́ sí, aṣọ ọmọ ilé-ìwé méjìlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọjọ́ méjì pẹ́. Nígbà tí mo dé, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà ò sì sunkún rárá.

"Màmá Ọ̀yọ́, ẹ káàbọ̀," ó ní. "A ti bẹ̀rẹ̀ o."

Ó wẹ ọmọ náà fún ogójì ọjọ́. Èmi ń pọn omi. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ọmọ mi ń pè é ní Màmá, ó ń pè mí ní Màmá Ọ̀yọ́. Kódà ọmọ mi gan-an, Màmá ló ń pe ìyẹn, èmi ni Mọ́mì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Síbẹ̀, mo máa ń kà á.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìpè yẹn, mo wọkọ̀ ní Owódé. Mo kó ìwé tuntun kan, bírò méjì àti rúlà sínú àpò mi. Mo fi oògùn ibà àti sálúbàtà kan sí i, nítorí pé bí ènìyàn bá fẹ́ sáré níbi ìjà, kì í ṣe bàtà gíga ló yẹ kó wọ̀. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ ní fàráńdà, orí rẹ̀ wà láàárín orókún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń di irun fún un.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Ọ̀yọ́. Ẹ kú ìrìn. Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ọ̀nà dára."

"Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ò gbà yín. Orí ìyàwó mi ló wà níbẹ̀."

Orí ọmọ mi. Èmi ni mo ń di orí yẹn títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo wo ìdirí náà kí n lè rí àṣìṣe níbẹ̀. Kò sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rin wọ́ọ̀dù náà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ìkángun rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà kí n lè ka ojúlé. Apá òkè, nítòsí Ọjà Igbó, ni agboolé ọkọ ọmọ mi wà pẹ̀lú agboolé mẹ́ta tó bá wọn tan. Mo kọ wọ́n sí tiwa. Apá ìsàlẹ̀ ni agboolé ńlá kan wà tí ẹni tó ń bá ọmọ mi du ipò náà ti wá. Oníbúlọ́ọ̀kù ni, ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, bàbá rẹ̀ sì ni olórí agboolé. Mo fi bírò pupa fa ìlà yí gbogbo agboolé náà ká. Láàárín méjèèjì ni ilé àwọn ayálégbé wà: àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, ọmọ mi náà ọ̀mọ̀wé, bí wọ́n bá sì ti rí i, inú wọn máa ń dùn. Ojúlé wọn pọ̀ ju ti àgbègbè méjèèjì lọ. Mo rò ó pọ̀, ó yé mi kedere: kí ọmọ mi fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kó gba àárín.

Mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ ní fàráńdà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Ó na ọrùn, ó wò ó.

"Àwòrán yìí mà dára o. Ṣé òun náà ló máa dìbò?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Bí mo ṣe ń ṣe é ní Ọ̀yọ́ nìyẹn," mo ní. "N kì í fi ju ènìyàn mẹ́wàá kùnà."

"Ó dáa. Ilé ìsàlẹ̀ tí ẹ fi pupa yí po yìí, ẹ ti ka àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Àwọn ìyàwó ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ibi tí ọkọ wọn bá dúró ni wọ́n máa dúró sí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe."

"Ní Ọ̀yọ́." Ó da èèpo ẹ̀gúsí sínú abọ́. "Ẹ gbọ́, àna mi. Nínú gbogbo ìyàwó ilé yẹn, ta ni mi ò wẹ ọmọ fún? Kí ìyàwó wa bá mi lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọ̀la, kó kúnlẹ̀ kí wọn, kó jókòó díẹ̀. Ó tán. Èyí tí ò bá lè tò sẹ́yìn rẹ̀ nítorí ọkọ, kò ní tò sẹ́yìn onítọ̀hún náà."

Bí kò bá dárúkọ ọmọ wíwẹ̀, bóyá ǹ bá ti ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ rẹ̀. Mo rí i lọ́kàn mi: ọmọ mi yóò wọlé ìbò, gbogbo àdúgbò yóò sì máa sọ pé Màmá ló fi kàn-ìn-kàn-ìn gbà á fún un. Ìwé mi á wà nínú àpò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wọ bùbá, ó ń wá ìborùn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti jáde, ó ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní iwájú ilé. Mo pe ọmọ mi wọ yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn.

"Má lọ síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ nǹkan ní Ọjà Igbó lónìí. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ilé yẹn ń lérí. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ àgbàlá àwọn, ohun tí ojú rẹ bá rí, kó o fara mọ́ ọn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì?"

"Má bi mí. Ìwọ nìkan ni mo ní."

Mo lọ sí Ọjà Igbó lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Òwú ìránṣọ ni mo rà. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ ohunkóhun ju pé òwú funfun ti tán.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pín ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ̀rù ò ní ju mẹ́ta lọ. Owú ló ni méje.

Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ìborùn náà. Láti ìta, a gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Ó bá mi rìn káàkiri ilé àwọn ayálégbé fún gbogbo ọjọ́ tó kù. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ fún wa ní mínírà tútù. Mo ń máàkì ojúlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń yọ̀.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ṣe ìbò náà. Wọ́n ta okùn yí i ká, wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà kò gbọdọ̀ kọjá okùn. Káàdì tèmi, ti Ọ̀yọ́ ni, nítorí náà ìta okùn ni mo dúró, àpò mi lọ́rùn. Ọmọ mi dúró ní apá ọ̀tún, ó gbé àwòrán rẹ̀ sí àyà. Oníbúlọ́ọ̀kù dúró ní apá òsì. Ẹni àkọ́kọ́ tó tò sẹ́yìn ọmọ mi, tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àpò ọwọ́ rẹ̀ ń kan ọmọ mi lẹ́yìn, ni ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo bí i, okùn ló wà láàárín wa.

Àwọn ayálégbé mi dé. Wọ́n pọ̀, wọ́n wọṣọ dáadáa, wọ́n tò sẹ́yìn ọmọ mi, ìlà rẹ̀ sì gùn dé ibi òpó góòlù. Mo ṣíwèé. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó wá darí ìbò bẹ̀rẹ̀ sí yẹ káàdì wò láti ìparí ìlà.

"Níbo lẹ ti gba káàdì yìí, tíṣà?"

"Ìséyìn, sà. Ìlú mi ni."

"Ìséyìn lẹ ó ti lọ dìbò. Ẹ bọ́ síta."

"Ṣùgbọ́n ibí yìí ni mò ń gbé láti ọdún mẹ́fà!"

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ń gbé ibí. Ẹ bọ́ síta. Ẹ̀yin ńkọ́, nọ́ọ̀sì?"

"Ṣakí."

"Ẹ kí wọn ní Ṣakí."

Àwọn ènìyàn oníbúlọ́ọ̀kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Olùdíje, ìlú mélòó lo fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ fún?" Wọ́n ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá dúró tì mí ní ẹ̀yìn okùn, wọ́n ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. Àwọn tí kò ní káàdì rárá náà tẹ̀lé wọn. Èmi tí mo ṣe akọ̀wé fún ọdún mẹ́jọ, èmi tí òfin káàdì yìí kan náà so mọ́ ẹ̀yìn okùn, n kò ronú kàn án. Ní wọ́ọ̀dù wa ní Ọ̀yọ́, àwọn ayálégbé ò tó nǹkan, ibi tí wọ́n ti gba káàdì kò sì fìgbà kan jẹ́ ọ̀ràn. Ojúlé ni mo kà. N kò ka káàdì.

Ìlà ọmọ mi dín kù sí ìdajì. Ti oníbúlọ́ọ̀kù gùn díẹ̀ jù ú lọ.

Ìgbà náà ni àwọn ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ wọlé. Wọ́n jọ rìn wá. Wọn ò tò sí ọ̀tún, wọn ò tò sí òsì. Wọ́n lọ dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ okùn, kò jìnnà sí mi. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: wọn ò tẹ̀lé ọkọ wọn.

Ìyá ọkọ ọmọ mi nahùn sí wọn láti inú ìlà.

"Ẹ̀yin ìyàwó mi, kí lẹ̀ ń ṣe lábẹ́ igi yẹn? Ṣé oòrùn ò pa yín?"

"Oòrùn ò sí lábẹ́ igi, Màmá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti ìlà òsì kígbe pé, "Ẹ̀yin ìyàwó, ibí ni ọkọ yín wà o! Àbí ẹ ò dá wa mọ̀ mọ́?"

"À ń wò yín ni," ọ̀kan nínú wọn dáhùn. "Ẹ dúró dáadáa ká lè rí yín."

Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọ̀kan tó pọn ọmọ wò mí, ó tún wò mí, ó wá sún mọ́ okùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ránṣọ ilé-ìwé nítòsí Owódé?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀! Ẹ̀yin lẹ rán tèmi láti pírámárì títí mo fi jáde. Ẹ máa ń ká etí ṣíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, kí ìyá wa lè máa tú u sílẹ̀ bá a ṣe ń ga sí i. Ìyá mi máa ń ní kò sí ẹlòmíì tó ń ronú bẹ́ẹ̀." Ó wo orí pápá. "Ọmọ yín nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni."

Ó tún ọ̀já ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ so.

"A retí rẹ̀, mà. Màmá ti sọ fún wa pé ó ń bọ̀. A gbálẹ̀, a gbé àga síta, a tilẹ̀ din àkàrà. Kò wá. Àwọn kan ní ó ti kà wá mọ́ ọ̀tá."

"Ká ní ó wá ńkọ́?"

"Ká ní ó wá ni, mo ti mọ ohun tí ǹ bá sọ fún ọkọ mi. Ǹ bá ní ó wá sílé wá kí wa, ó kúnlẹ̀ fún wa, ojú ń tì mí. Kò sí ọkọ tó lè bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò wá. Kí ni kí n wá sọ?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ò pọ̀. Èmi ni mo dá a dúró. Bí mo bá sọ ọ́, obìnrin yìí yóò padà sábẹ́ igi, yóò sọ ọ́ fún àwọn mẹ́wàá yòókù, bóyá wọn yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ìyá ọkọ ọmọ mi yóò gbọ́. Mo wò ó níbi tó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká ọmọ mi. Mo wo ọwọ́ yẹn pẹ́ jù.

Òṣìṣẹ́ náà fun fèrè. "Ó tó! Ẹni tó bá wà níbi tó wà, kó dúró síbẹ̀. A fẹ́ kà."

Ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan èjìká wọn bó ṣe ń kà. Èmi náà ń kà. Mo ti mọ iye rẹ̀ kó tó kéde rẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù fi ènìyàn méje borí ọmọ mi. Mo tún ka àwọn tó wà lábẹ́ igi. Mọ́kànlá náà ni.

Kẹ̀kẹ́ kan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ̀ padà sílé. Ọmọ mi jókòó sáàárín. Kò sunkún. Ó dojú àwòrán náà kọ ilẹ̀.

"Kí ló dé tó ò bá mi lọ lọ́jọ́ yẹn?" ìyá ọkọ rẹ̀ bi í. "Àkàrà ni wọ́n din."

"Ó rẹ̀ mí, Màmá. Mo ti sọ fún yín."

Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́. Ó ń bò mí láṣìírí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ bó ṣe rí: ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi kì í ṣe ìtìjú. Inú mi dùn. Inú mi dùn pé nǹkan kan wà láàárín èmi àti ọmọ mi tí obìnrin yẹn ò mọ̀. Ó dùn bẹ́ẹ̀ láti iwájú ilé-ìwé títí dé ibi tí a ti ń yà sílé wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọwọ́ ọmọ mi, mo rí i pé ó ń fa etí àwòrán náà ya díẹ̀díẹ̀, inú mi ò sì dùn mọ́.

A ò tíì wọlé tán nígbà tí mo sọ ọ́.

"Èmi ni mo ní kó má lọ. Mo sọ fún un pé wọ́n ń lérí."

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín lọ́jà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ."

"Kò sẹ́ni tó sọ?"

"Òwú ni mo lọ rà."

Ó gbé àwòrán rẹ̀ ti ògiri, ó sì wọ yàrá lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó tún ká a.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn mi," ó ní. "Ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ rí mi tí mo ń ṣe wàhálà ọmọ yín, ẹ wá dínà mọ́ ọmọ yín nítorí kí ọ̀nà tèmi má bàa là." Ó dìde. "Ọbẹ̀ wà nílé. Ẹ wá jẹun."

Mo jẹun.

Mo padà sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọmọ mi fi kọ̀ tí kò pè mí. Bí mo bá pè, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e, á ní ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ ní gbogbo ọjọ́ náà, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kì í ṣe èmi. Nígbà tó di ogúnjọ́, ó pè.

"Mọ́mì, màá tún du ipò náà nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tún dé. Ẹ mú ìwé yín wá."

"Ìwé wo?"

"Ìwé tẹ́ ẹ fa ìlà sí. Màmá á máa sọ, ẹ̀yin á máa kọ."

Mo fẹ́ sọ pé n kò lè wá. Mo wọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

A jókòó sí fàráńdà kan náà. Mo fa ìlà tuntun mẹ́rin: ìyàwó, ìlú tó ti wá, ibi tó ti gba káàdì, ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ ọmọ mi ò wo ìwé. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ojú dé, ó ń kà wọ́n láti orí.

"Ìyálé ibẹ̀. Ará ibí ni. Mo wẹ mẹ́rin fún un. Ìyàwó kejì, ará Ìkòyí, mo wẹ méjì. Èyí tó ń ta elùbọ́, ará Ìséyìn, ìbejì ni tiẹ̀, mo wẹ wọ́n pa pọ̀, ọ̀kan ń sunkún, èkejì ń rẹ́rìn-ín."

Lábẹ́ "ẹni tó mọ̀ ọ́n", mo kọ "Màmá". Mo tún kọ "Màmá". Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá tẹ̀léra-tẹ̀léra, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gún régé. Ọmọ mi jókòó sórí àga, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

"Ó ku ẹnì kan," ìyá ọkọ rẹ̀ ní. "Ìyàwó àbíkẹ́yìn wọn. Ará ìlú yín. Mo wẹ ọ̀kan fún un. Ẹ kọ èmi náà síbẹ̀."

"Rárá o," mo ní.

Ó la ojú.

"Mo ti mọ ìyẹn kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Láti pírámárì kìíní. Èmi ni mo ń rán ṣíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀."

"Lóòótọ́?"

"Ẹ lọ bi í. Mo lè sọ bó ṣe ga tó lọ́dún kọ̀ọ̀kan."

Ó wò mí, ó wo ọmọ mi. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ kọ àwa méjèèjì."

Mo kọ "Èmi". Mo dúró díẹ̀. Mo wá kọ "àti Màmá" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó na ọrùn wá wò ó.

"Kí ló dé tí tèmi fi kéré?"

"Àyè ò gbà á mọ́."

Àyè gbà á. Ó sì rí i pé ó gbà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ìhà mú. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìbò, n kò sì mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń rín. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó wá ìborùn rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, òun fẹ́ lọ kí wọn nílé ìsàlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dìde," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìdí tí mi ò fi wá."

Mo pa ìwé dé, mo sì wá bàtà mi.